Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Afárá ní Èkó àti Ilẹ̀ Tó Ṣì Wà Lọ́wọ́ Òkìtìpupa

Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina ní ìlú Èkó, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ti kúrò ní ìlérí tí àwọn olóṣèlú máa ń ṣe nígbà ìbò, ó ti di ohun tí ará ìlú lè fi owó ara rẹ̀ wọ̀. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń gbéra ní Mile 2, láàárín gbùngbùn òpópónà tó lọ sí Badagry, ṣùgbọ́n bó bá ti dé Ìgànmú, ojú irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á bọ́ sórí òpó kọnkéré, á gba ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ kọjá, á sì la orí ọ̀sà kọjá kó tó gúnlẹ̀ sí Marina. Gbogbo ìrìn náà kò tó ìdajì wákàtí. Síbẹ̀, ibi tí ojú irin náà ti kúrò nílẹ̀ tó gba òkè lọ yẹn ló yẹ kí àwọn ará Òkìtìpupa àti gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ojú sí jù, nítorí pé ìtàn bí a ṣe ń lo ilẹ̀ ló wà níbẹ̀: níbi tí ìjọba ti rí ilẹ̀ láàárín òpópónà, ilẹ̀ ni ojú irin gbà; níbi tí ilé, ọjà, afárá àti omi ti gba gbogbo àyè tán, òkè ló gbà, owó tí ó sì ná ìlú fò sókè pẹ̀lú rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin orí afárá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lò ó níhìn-ín, ni ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tí a tẹ́ ojú irin rẹ̀ sórí afárá gígùn tí òpó kọnkéré tàbí òpó irin gbé ró, tó fi jẹ́ pé mọ́tò, kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìdí i lọ́wọ́, òun náà kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ó yàtọ̀ sí èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí London kọ́kọ́ ní ní gbogbo ayé lọ́dún 1863, ó sì yàtọ̀ sí èyí tó ń rìn lórí ilẹ̀ lásán, irú èyí tí orílẹ̀-èdè Senegal ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 láti Dakar dé Diamniadio, kìlómítà 36. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti abẹ́ ilẹ̀ ló máa ń gbówó lórí jù, ti orí ilẹ̀ ló máa ń dínwó jù, ti orí afárá sì wà láàárín méjèèjì. Ìdí tí ti orí afárá fi gbówó lórí ju ti orí ilẹ̀ lọ kò ṣòro láti rí: gbogbo òpó ló nílò ìpìlẹ̀ tó jìn, pàápàá ní ilẹ̀ àbàtà bíi ti Èkó, gbogbo ibùdókọ̀ ló nílò àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniròkè fún àgbà, aboyún àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́ lókè, ìnáwó àti gbé òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ dé ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Òkè náà sì ní àǹfààní tirẹ̀ tí kò yẹ kí a fojú kéré. Iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé lórí ni irin kẹta wà, tí iná 750 fóòtì ń gba inú rẹ̀ kọjá, irin pẹlẹbẹ kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní bàtà sì wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń fi ara kan irin kẹta yìí, tó ń ti ibẹ̀ fa iná fún ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ikú ni fún ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan irin náà. Nítorí náà, níbikíbi tí ojú irin yìí bá ti wà nílẹ̀, ọ̀ranyàn ni kí a mọ odi yí i ká, kí a sì kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sí i láti ibi kan dé ibòmíràn. Ẹni tó bá rántí bí àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń pàtẹ sórí ojú irin àtijọ́ ní Agége àti ní Òṣòdì, tí wọ́n á kó igbá kúrò nígbà tí wọ́n bá gbọ́ fèrè ọkọ̀, tí wọ́n á sì tún dá a padà nígbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá, yóò mọ̀ pé odi nìkan kò tó láti yí ìwà àádọ́ta ọdún padà. Ní òkè, kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì rìn wọ ojú irin, kò sí mọ́tò tó lè dábùú rẹ̀, ọkọ̀ á sì lè dé ní àkókò tí wọ́n pè é.

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí tí wọ́n sì ń bá ọkọ̀ orí afárá lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ló fi hàn kedere jù lọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ń darí ọ̀rọ̀ ojú irin. Nígbà tí iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ojú irin orí afárá sí apá gúúsù ìlú náà, òfin ìpínlẹ̀ Illinois sọ pé wọn kò lè gba orí títì kọjá àfi bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onílé ẹ̀gbẹ́ títì bá fi ọwọ́ sí i. Àwọn onílé náà sì mọ iye tí ìfọwọ́sí wọn tó. Dípò kí iléeṣẹ́ náà máa bá wọn ná owó títí ayé, ṣe ló ra ilẹ̀ tóóró lẹ́yìn àwọn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé ojú irin rẹ̀ gba ibẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1892 ni ọkọ̀ náà kọ́kọ́ gbé èrò, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ló sì ń fà á nígbà náà kí iná mànàmáná tó dé ní 1898. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ọkọ̀ apá gúúsù Chicago ṣì ń gbà títí di òní. Ìpinnu kan tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló ṣì ń sọ fún èrò ọkọ̀ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlélógún ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀.

New York gba ọ̀nà mìíràn, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀. Orí títì gan-an ni wọ́n gbé ojú irin náà gbà ní Manhattan, tó fi jẹ́ pé títì tó wà lábẹ́ rẹ̀ di ibi tí oòrùn kì í dé, tí eérú àti òróró ẹ̀rọ sì ń ta sí ẹni tó ń kọjá lórí. Owó ilé tó wà létí rẹ̀ wálẹ̀, ariwo kò jẹ́ kí àwọn olùgbé sùn, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ sì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ńlá ńlá náà, ti òpópónà Third Avenue, fi kógbá sílé ní Manhattan ní oṣù Karùn-ún ọdún 1955. Kì í ṣe pé ọkọ̀ orí afárá kò dára ni New York ṣe wó tirẹ̀. Wọ́n wó o nítorí pé wọ́n gbé e lé orí títì tí kò gbà á, láìro ti ẹni tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Èkó gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn bí ó ṣe ń gbèrò àwọn ọ̀nà yòókù, nítorí pé títì inú ìlú Èkó tóóró ju ti Manhattan lọ, ilé sì sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní London, níbi tí àwọn Yorùbá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè ra iṣu, ẹ̀gúsí àti ata rodo ní Peckham láìsọ gbólóhùn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, afárá bíríkì tí wọ́n kọ́ nígbà tí ibùdókọ̀ Peckham Rye ṣí ní 1865 ni ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gbà. Abẹ́ afárá náà jẹ́ ọ̀wọ́ ihò tó rí róbótó lókè, inú wọn sì ni àwọn oníṣòwò kéékèèké ti ń tajà, tí àwọn mẹkáníìkì ti ń tún mọ́tò ṣe, ọjà Rye Lane sì kún dé ẹnu wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, wọ́n mú ọkọ̀ Overground, èyí tó ń yí ìlú London po, wọ orí afárá àtijọ́ yìí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ òmíràn. Irú ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ ojú irin Docklands, èyí tí kì í ní awakọ̀ lórí ìjókòó iwájú nítorí pé kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀: nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1987 pẹ̀lú ibùdókọ̀ 15, mílíọ̀nù 77 pọ́n-ùn péré ló ná wọn, ìdí pàtàkì sì ni pé apá kan ojú irin náà gba orí afárá tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún 1840, apá kan sì gba ilẹ̀ ojú irin èbúté tí wọn kò lò mọ́. Ìlú tó ní ilẹ̀ ọ̀nà nípamọ́ lè kọ́ ojú irin ní ìdajì owó tí ìlú mìíràn yóò fi bẹ̀ onílẹ̀.

Èkó fúnra rẹ̀ ti rí apá méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí. Kí ọ̀pọ̀ ìlú ní Áfíríkà tó mọ ohun tí ń jẹ́ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ọkọ̀ kékeré kan tó ń fi ooru omi rìn lórí ojú irin tóóró ti wà láàárín Ìddó àti Erékùṣù Èkó láti 1902 títí di 1933 tí wọ́n fi í sílẹ̀. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin ńlá tí wọ́n pè ní Metroline, ṣùgbọ́n nígbà tí ológun gba ìjọba ní òpin ọdún náà, wọn kò jẹ́ kó lọ síwájú. Ní 1985, ìjọba Muhammadu Buhari fagi lé e pátápátá, owó ìlú tó lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là sì bá a lọ láìsí ọ̀pá irin kan nílẹ̀. Àwọn tó ń gbé ní Èkó nígbà náà ló jẹ gbèsè náà, àwọn ọmọ wọn ló sì lo ogójì ọdún nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Nígbà tí ìjọba Babátúndé Fáṣọlá tún gbé irú iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ China, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ọdún 13 ni ó tó kí èrò kankan tó wọ ọkọ̀. Nínú ìtàn tó yí ojú rẹ̀ padà bí ẹni ń ṣe eré orí ìtàgé, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kíní ọdún 2023.

Ọkọ̀ ojú irin pupa ló fi hàn jù lọ ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Kìlómítà 27 ni láti Àgbádó dé Oyíngbò, ó sì ń gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábàá kọjá, èyí tó tún gùn ju ìpele àkọ́kọ́ ti búlúù lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí kìlómítà 13 péré ni ti búlúù. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yá ju ti búlúù lọ gan-an. Ilẹ̀ ló fà á. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń tẹ́ ojú irin láti Ìddó lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wọ́n ti gba ilẹ̀ tó fẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì ojú irin, wọ́n sì fi òfin dáàbò bò ó. Ó jẹ́ fún àǹfààní ara wọn, kí wọ́n lè kó kòkó, ekuro àti òwú dé èbúté, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tuntun sí, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ojú irin tuntun yìí náà sì ni ọkọ̀ pupa ń gbà. Ohun tó kù fún ìjọba Èkó láti ṣe ni kí ó kọ́ ibùdókọ̀, kí ó sì kọ́ afárá mọ́tò sí àwọn ibi tí títì ti ń dábùú ojú irin, bíi Yábàá, Múṣin, Oyíngbò àti Ìkẹjà. Níhìn-ín, mọ́tò ló gòkè, ọkọ̀ ojú irin ló dúró sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kíkọ́ ojú irin ni òpin ìṣòro. Ní Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia, wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ní 2015, kìlómítà 34, apá kan rẹ̀ sì wà lórí afárá. Gbogbo Áfíríkà ló yìn ín. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ti dúró sí gáréèjì nítorí àìsí ẹ̀yà ara tí wọ́n lè fi pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ àti àìsí owó ilẹ̀ òkèèrè láti fi rà á, nígbà tí owó ọkọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò kò sì tó láti tún un ṣe. Ní Àbújá, wọ́n ṣí ti olú-ìlú Nàìjíríà ní 2018, ó dúró ní 2020 nígbà àrùn kòrónà, ó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2024 kó tó tún gbéra. Ní Port Harcourt, àwọn òpó tí wọ́n nà sókè fún ọkọ̀ orí irin kan ṣoṣo ṣì ń wo ìlú láìsí ọkọ̀ tó ń kọjá lórí wọn. Ìlú tó bá fẹ́ ojú irin gbọ́dọ̀ ní ètò àtúnṣe tó dájú, òṣìṣẹ́ tí a kọ́ dáadáa, àti owó tí òṣèlú kò lè fọwọ́ kàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun ìyangàn lásán ló kọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń fi ìlú kan wé òmíràn kì í sábà ka kún, òun náà sì ni bí èrò ṣe ń bọ́ láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn. Káàdì Cowry tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó náà ni wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì ìjọba, èyí sì dára púpọ̀. Àmọ́, ọkọ̀ búlúù ń dé Marina, ọkọ̀ pupa ń dúró sí Oyíngbò, àárín méjèèjì sì nílò bọ́ọ̀sì tàbí kẹ̀kẹ́ títí tí ìpele kejì ọ̀nà pupa yóò fi wọ Erékùṣù. Ará Òkìtìpupa tó bá gba Ọ̀rẹ̀ àti òpópónà Benin sí Ṣágámù dé gáréèjì Jíbówú mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ibùdókọ̀ Yábàá kò jìnnà sí i mọ́, láti ibẹ̀ ló sì lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà tàbí Agége láìfi ara ṣe yẹ̀yẹ́ nínú dánfó. Ṣùgbọ́n láti Òkìtìpupa dé Jíbówú, kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan fún un: mọ́tò elérò tó kún kó tó gbéra, títì tó ti ya, àti ẹ̀rù àwọn ajínigbé ni ìpín rẹ̀.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Kò sí ọ̀pá ojú irin kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú irin àtijọ́ gba Ìbàdàn àti Òṣogbo lọ sí òkè ọya, kò yà sí ọ̀dọ̀ Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ tàbí Oǹdó. Nínú ètò ojú irin etíkun láti Èkó dé Calabar, tí ìjọba àpapọ̀ bá iléeṣẹ́ CCECC tọwọ́ bọ̀wé lé lórí ní 2014, Ọ̀rẹ̀ wà lára àwọn ìlú tí yóò gbà kọjá, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ètò náà ṣì wà. Bó bá di iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, Ọ̀rẹ̀ yóò di ojúkò ibi tí ọ̀nà ti pàdé, èyí tó bá sì yẹ kó tẹ̀ lé e ni ẹ̀ka ojú irin láti Ọ̀rẹ̀ wá sí Òkìtìpupa, títí lọ sí Igbókòdá àti etí òkun Ìlàjẹ níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń gbèrò èbúté omi jíjìn. Epo pupa láti inú oko iléeṣẹ́ ọ̀pẹ Òkìtìpupa, igi gẹdú, kòkó, rọ́bà, ẹja láti Ìlàjẹ, àti bitumẹ́ẹ̀nì tó wà ní Àgbàbú bí wọ́n bá wà á jáde, gbogbo wọn ló wúwo ju ohun tí títì lè máa rù láìya lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ojú irin kò kan ìlú tí kò tóbi ju Òkìtìpupa lọ, tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gbé èrò láti ọjà dé ààfin Jẹgun ti Ìdẹ̀pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òótọ́ ni pé Òkìtìpupa kò nílò ọkọ̀ orí afárá lónìí, ẹni tó bá sì dábàá rẹ̀ fún un, ìnákúnàá ló ń dábàá. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlú kò tíì nílò rẹ̀ ni ilẹ̀ ti pọ̀. Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì wo bí ilé ṣe ń bọ́ síta láti Òkìtìpupa lọ sí ọ̀nà Igbókòdá, àti sí ọ̀nà Yunifásítì Olusegun Agagu: ibi tó jẹ́ oko ọ̀pẹ àti igbó rọ́bà ní àná ti di fúláàtì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ilé epo, ilé ìjọsìn àti ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gan-an, débi pé mọ́tò méjì kò lè kọjá láìjẹ́ pé ọ̀kan yà sínú gọ́tà. Kò sí ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún títì kejì, kí a má tíì sọ ti ojú irin. Bí èyí bá ń lọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ojú irin bá dé Ọ̀rẹ̀, wíwó ilé onílé ni yóò jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo láti mú un dé Òkìtìpupa, tàbí kí a gbé e gun òpó bí ti Ìgànmú, owó tí ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní.

Òfin ti ṣí ilẹ̀kùn tó wà ní títì tẹ́lẹ̀. Títí di oṣù Kẹta ọdún 2023, ojú irin wà lórí àkójọ àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù náà ló gbé e wá sórí àkójọ tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ní àṣẹ lé. Àtúnṣe mìíràn tí ó fọwọ́ sí ní oṣù kan náà ló fún ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná mànàmáná kí ó sì pín in. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ní orúkọ àwọn ará ìlú. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní láti dúró de Àbújá kó tó fa ìlà sórí máàpù láti Ọ̀rẹ̀ dé Igbókòdá, kó fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé lé e, kó sì jẹ́ kí àgbẹ̀ tó ní irúgbìn níbẹ̀ máa kórè rẹ̀ títí ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ yẹn ni kò yẹ kí a gbàgbé. Owó gbà-máà-bínú tí òfin 1978 là sílẹ̀ jẹ́ fún ohun tí èèyàn gbìn tàbí kọ́ sórí ilẹ̀, kì í ṣe fún ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, àwọn ìdílé nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí wọ́n ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún oko ọ̀pẹ ìjọba láti ọdún 1968 sì mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí owó bá kéré tó sì tún pẹ́. Bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ kí àwọn ọba, olórí ẹbí àti ọ̀dọ́ gba ètò yìí wọlé, kí ó ka igi ọ̀pẹ àti igi kòkó wọn lójú wọn, kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní gbangba, kí ó sì san owó náà kí katakata tó wọ oko. Ohun tó ń sọ ilẹ̀ ọ̀nà di ìjà ni àṣírí. Bí àwọn olówó bá ti gbọ́ ibi tí ìlà yóò gbà kí àgbẹ̀ tó gbọ́, wọ́n á ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Ní báyìí ná, kí ilẹ̀ náà má ṣe jókòó lásán. Èkó ti fi ọ̀nà tó dínwó han gbogbo ayé ní oṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà tí ó ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 dọ́là fún kìlómítà kan, iye tó kéré gan-an sí ohun tí ojú irin orí òpó ń ná. Bọ́ọ̀sì tó ń gbéra ní àkókò tí a mọ̀ láti Òkìtìpupa sí Ọ̀rẹ̀, tó ń dúró sí àwọn ibùdó tó ní òrùlé àti àga lójú ọ̀nà, tó sì ní owó ọkọ̀ kan náà ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò nílò ọgbọ́n China kankan. Nígbà tí èrò bá ti mọ ọ̀nà kan, tí ọ̀nà náà sì kún, ọjọ́ yẹn ni ojú irin tó rí ẹni tí yóò gbé. Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Olusegun Agagu lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye èrò àti ẹrù tó ń kọjá lójú ọ̀nà yìí lónìí. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ni, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ yáni lówó fún ojú irin yóò bèèrè.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀ tó ń dun ni. Ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà, ni ilé ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n ṣí ní 2007 wà, ẹ̀ka kejì sì tún darapọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òkùnkùn, tí wáyà iná ń gba orí oko wọn lọ sí ibòmíràn. Kò sí ọkọ̀ ojú irin ìgbàlódé tó lè rìn níbi tí iná kò ti dúró. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọmọ Ìkálẹ̀ gba ètò ojú irin gbọ́, kí ó kọ́kọ́ tan iná sí ilé rẹ̀.

Ìwé ìròyìn yìí ń rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó pé kí ó fi òfin pa ilẹ̀ ọ̀nà mọ́ láti Ọ̀rẹ̀ gba Òkìtìpupa dé Igbókòdá, kí ó jẹ́ kí máàpù rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kàn, kí ó sì dáwọ́ ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ dúró lórí rẹ̀. Ó ń rọ Jẹgun, Abódì àti àwọn ọba Ìkálẹ̀ yòókù pé kí wọ́n bá àwọn olórí ẹbí sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ náà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń tún un tà. Ó sì ń rọ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú gúúsù Oǹdó ní Àbújá pé kí wọ́n máa bèèrè ètò ojú irin etíkun ti 2014 ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ka ìwé ìnáwó, títí tí owó yóò fi hàn lórí rẹ̀.